Kò Sí Ọmọ Nínú Ilé Aláìnílẹ̀kùn

Troy Hill, Pittsburgh
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2013

Corinne ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún tuntun níbẹ̀ yẹn o. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ, Terje ọkọ rẹ, àti Sunniva ọmọ ọmọ mi wà? Ara tèmi dà bí ọkọ̀ àtijọ́: ó ń pariwo, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Milka àbúrò mi ní kí n kí ọ. Ó ní òun kò tíì dákẹ́ àdúrà pé kí Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ ìwé ọmọdé kí n tó kú. Mo ní kó bá mi fi kún un pé kí ìwé náà má wọ́n sí i.

Ìwé karùn-ún nínú ìtàn aláwòrán wa, Ẹyẹ Èédú, ló wà nínú àpò yìí. Tèmi ti wọ inú ọ̀rá rẹ̀, tìrẹ rèé. Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni Dolores tó ń ta ìwé ti máa ń kó méjì-méjì sínú àpótí tó fi orúkọ mi sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú, kò sì bi mí rí pé ta ni mo ń ra èkejì fún.

Mi ò ní sọ bó ṣe parí fún ọ. O mọ òfin ilé wa: ẹni tó ti kà á kò gbọdọ̀ ba adùn rẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí kò tíì kà á. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, rú òfin yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì mọ ohun tí ojú òun rí. Èyí tí mo lè sọ ni pé ọwọ́ ayàwòrán yẹn dùn. Èéfín tó yà sí ojú ewé kejì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wúkọ́. Òǹkọ̀wé ni mo bá ní ẹjọ́. Obìnrin tó ń da èédú sí ìléru lọ́sàn-án, tó ń fò lókè odò ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́kọ́rọ́ ọ̀tá rẹ̀ wá kọ́ ilé aláìnílẹ̀kùn yí i ká, ó dára. Àmọ́ láti ìwé kẹta ló ti jókòó síbẹ̀! Ìyẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, agbára wà lápá rẹ̀. Kí ló ń dúró dè? Mo ti kọ̀wé sí àwọn olóòtú lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn tí mo ka ìwé kẹta. O mọ̀ pé láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà àwọn òǹkàwé, wọn kò tẹ ẹyọ kan jáde rí. Mi ò ní jáwọ́.

Sunniva ṣì ń rákò nígbà tí mo rí i kẹ́yìn. Wọ́n ní ó ti ń kàwé báyìí. Ẹ wá lọ́dún yìí, nígbà ooru. Mo ti kun yàrá òkè, mo sì ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré. Mi ò fẹ́ gbọ́ "a ó rí i" mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Emil Kostelnik

*

Tromsø
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, ọdún 2013

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìfaradà àdúrà Àǹtí Milka. Ìwé karùn-ún dé láìṣẹ́po. Sunniva ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "ìwé Bàbá Àgbà ń rùn bí àjà ilé," ó wá ń gbóòórùn rẹ̀ kiri.

Èmi kò ro òǹkọ̀wé náà pin bíi tiyín. Ẹ wo bí àwọn àpótí àwòrán ṣe ń dín ní fífẹ̀ láti ojú ewé kan sí èkejì, títí tí èyí tó kẹ́yìn fi rí tóóró bí ìka. Kò sọ fún wa pé ilé náà há. Ńṣe ló há wa mọ́ inú rẹ̀. Mo kà á tán, mo ṣí fèrèsé.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ilé ìkàwé ibí máa ń kó ìwé àpapọ̀ wọlé, èyí tí wọ́n di ìwé oṣù mélòó kan pọ̀ sójú kan, mo sì ti ń yá wọn. Mo mọ̀ pé lójú yín, àpapọ̀ jẹ́ oúnjẹ àná tí wọ́n gbé kaná. Àmọ́ èèyàn á jókòó ti ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí pé ó ń ka oṣù lórí ìka. Ó wù mí kí ohun kan ní òpin tí mo lè fọwọ́ kàn.

Lórí ọ̀rọ̀ ìgbà ooru: iṣẹ́ pọ̀ ní iléeṣẹ́ ẹja, ọ̀gá wa kì í tètè fúnni láàyè. A ó rí i. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ní ẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ bá mi kí Dolores. Gbogbo wa wà dáadáa.

Ọmọ yín,
Corinne

*

Troy Hill
Ogúnjọ́, oṣù kẹta, ọdún 2013

Corinne,

Mo pẹ́ kí n tó fèsì. Yìnyín ló fà á. Bí ìlà mi bá wọ́, orí itan ni mo ti ń kọ ọ́. Milka wà níbí, ó ń se kábéèjì, gbogbo ilé ti gba òórùn rẹ̀.

Kò sí ìwé nínú àpò tọ̀tẹ̀ yìí. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ń ṣe ségesège, mi ò fẹ́ kí wọ́n bá mi sọ ọ́ nù.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ rẹ. O ní àwọn àpótí tóóró náà dára. Ó lè dára lójú ẹni tó lè ṣí fèrèsé. Lójú tèmi, ẹni tó lè jáde tí kò jáde, ọ̀lẹ ni, tàbí kó jẹ́ pé ó ti gbàgbé ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà. Ògiri kan ṣoṣo! Kó fọ́ ọ, kó máa bọ̀! Èmi ì bá ní ìyẹ́, mi ò ní jókòó síbì kan kí wọ́n máa gbé ọbẹ̀ wá bá mi.

O kò dárúkọ Terje nínú lẹ́tà rẹ. Kí i fún mi. Ṣé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú? Wọ́n ní ẹni tó bá tètè rà á ló ń rí èyí tó dínwó.

Bàbá rẹ

*

Tromsø
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, ọdún 2013

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò, nítorí mi ò fẹ́ fi ìbínú kọ̀wé. Ìbínú náà kò lọ. Bàbá, ṣé Ẹyẹ Èédú lẹ ń bá wí ni, àbí èmi?

Ó rọrùn láti pe èèyàn ní ọ̀lẹ nígbà tí ẹ bá jókòó sórí àga tí ẹ ń ṣí ojú ewé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó lè fọ́ ògiri yẹn. Òun gan-an mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tó bá fọ́ ọ, ta ni òrùlé máa wó lé lórí? Ọmọ kékeré tó wà nínú ilé yẹn ńkọ́? Ẹ kò rí i ni? Ṣé kí ó fi ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ àpólà igi, kó máa fò lókè odò, kí àwọn èèyàn máa pàtẹ́wọ́ fún un? Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò wá sílé ló gbàgbé ọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Mo bẹ̀ yín.

Sunniva ní kí n kí yín. Ó ya Ẹyẹ Èédú fún yín, ó wà nínú àpò yìí. Apá ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ, ṣùgbọ́n ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ kó rí.

Corinne

*

Troy Hill
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà, ọdún 2013

Corinne ọmọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti gbọ́. Mi ò ní bi ọ́ mọ́. Àwòrán Sunniva wà lára ògiri níwájú bẹ́ẹ̀dì mi, òun ni mo ń rí tí mo bá lajú láàárọ̀. Sọ fún un pé apá gígùn yẹn tọ̀nà, pé ẹyẹ tó bá fẹ́ ṣẹ́rí padà sílé, apá kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn.

Kí a fi ìyẹn sílẹ̀, kí a sọ ọ̀rọ̀ gidi. Mo ti ka ìwé kẹfà nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Ó ti pẹ́ nínú àpótí mi lọ́dọ̀ Dolores, Ọjọ́rú tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mú un. Ìtàn náà ti ń gbóná bọ̀, mo gbà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àmọ́ ayàwòrán yẹn ti bà mí nínú jẹ́. Àwòrán ńlá kan wà tó gba ojú ewé méjì pọ̀, níbi tí Ẹyẹ Èédú ti gbé ojú sókè wo àjà. Ojú rẹ̀ gan-an ló wá bọ́ sí àárín gbùngbùn, ìṣẹ́po ìwé sì gbé e mì! Etí ni mo rí lápá ọ̀tún, irun lápá òsì. Mo la ìwé náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dún, mi ò rí ojú obìnrin náà. Ta ní ń ya ojú èèyàn síbi ìṣẹ́po?

Ohun kejì: wọ́n ti yọ ojú ewé lẹ́tà àwọn òǹkàwé kúrò. Wọn ò tiẹ̀ sọ ìdí rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ̀wé sí wọn láti ìgbà èwe mi, ojú ewé ọ̀hún ni wọ́n gé sọnù. Ayé ti bàjẹ́.

Mo rántí rẹ.

Bàbá rẹ,
Emil

*

Tromsø
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, ọdún 2013

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka èyí. Mo rò pé ìjókòó náà lẹ tiẹ̀ wà láti ọjọ́ yìí.

Ìwé tí wọ́n fi wáyà méjì gún láàárín kì í gbé ojú ẹnikẹ́ni mì. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á là pẹrẹsẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ìwé àpapọ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lẹ́yìn, ló ń gbé ojú mì. Àpapọ̀ náà ni kì í ní ojú ewé lẹ́tà. Wọn kò gé nǹkan kan nínú ìwé oṣooṣù.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ìwé kẹfà wà níwájú mi báyìí. Dolores ló fi ránṣẹ́. Ó ní àpótí yín ti kún dé ẹnu, pé láti ìgbà yìnyín òun kò fojú kàn yín, pé òun pè yín lórí tẹlifóònù títí. Ó ní òun rò pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ti wá. Ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì pé: "Bá mi sọ fún Emil pé ó kú oríire!"

Oríire kí ni? Mo ṣí ojú ewé ìkẹyìn. Bàbá, orúkọ yín wà níbẹ̀. Wọ́n tẹ lẹ́tà yín jáde! "Emil Kostelnik, Pittsburgh." Òun ló wà lókè pátápátá, wọ́n sì dá yín lóhùn. Mo pariwo débi pé aládùúgbò wa kan ògiri. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀, ẹ̀rù wá ń bà mí. Tí bàbá mi bá rí orúkọ rẹ̀ lójú ewé yẹn, gbogbo Troy Hill ni ì bá ti gbọ́. Àlùfáà ì bá ti kéde rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá tó ní òun ti ka ìwé kẹfà kò mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Níbo lẹ wà? Kí ló ṣe yín? Ta ló ń bá yín yá àpapọ̀? Ẹ má fi Ẹyẹ Èédú bò mí lójú mọ́. Ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín tí kò rí oorun sùn,
Corinne

*

Troy Hill
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 2013

Corinne ọmọ mi,

O mú mi. Ọmọ tí mo kọ́ ni ìwé kíkà ló fi ìwé mú mi.

Nínú oṣù kejì, mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ gba abẹ́rẹ́ àìsàn òtútù, yìnyín dì sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, mo ṣubú. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi wo ẹ̀yìn, kò sẹ́nìkan. Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Wọ́n fi irin sí i ní ọsibítù. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wálé, yàrá òkè yìí ni mo wà, èyí tí mo kùn de ìwọ àti Sunniva. Dókítà ní kí n má dá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Milka ti kó wá síbí. Ó kó bàtà mi pamọ́, kí n má baà gbìyànjú. Bàtà mi, Corinne! Ó ń gbé ọbẹ̀ wá, ó ń gbé àwo lọ. Òun ló ń bá mi yá àpapọ̀ ní ilé ìkàwé ìsàlẹ̀ òpópónà. Kò mọ ìyàtọ̀, ó ní ìwé ni ìwé. Ó tún ń sọ̀rọ̀ nípa ilé àwọn arúgbó kan báyìí. Mo máa ń ṣe bíi pé mo sùn tó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò sọ fún ọ, mi ò sì jẹ́ kí Dolores mọ̀, nítorí ó máa sọ fún ọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ wá, kó má jẹ́ pé egungun tó ṣẹ́ ló fà ọ́ wá. Ìgbéraga ni. Inú mi kò dùn sí i.

Má gé ojú ewé yẹn o! Fi odindi ìwé náà sínú ọ̀rá. Dà á kọ fún mi, ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ó yá, ó kan ìwọ náà. Nínú oṣù kẹrin o fi ìbínú bi mí pé: ọmọ kékeré tó wà nínú ilé yẹn ńkọ́? Mi ò ní iṣẹ́ kankan ju kíkàwé lọ níbí, mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò láti ìwé kìíní títí dé ìkẹfà. Mo wo abẹ́ tábìlì tó yà, mo wo inú òjìji. Kò sí ọmọ nínú ilé aláìnílẹ̀kùn. Ẹyẹ Èédú nìkan ló wà níbẹ̀. Ìwọ tó mọ ìgbà tí ìbọ̀wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Kọ́kọ́rọ́ yí àwọ̀ padà, tó sì bá ayàwòrán jà lórí rẹ̀ ní kékeré, ìwọ kò lè ṣèèṣì rí odindi ọmọ.

Láti ọdún tó kọjá, o kò tíì dárúkọ ọkọ rẹ nínú lẹ́tà kan. Ọmọ ta ni, Corinne? Ilé ta ni? Terje dà?

Bàbá rẹ

*

Tromsø
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2013

Bàbá mi,

Mo ti sunkún tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má wo ìwé náà bó ṣe rí.

Terje kò gbé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ìgbà òtútù èṣín la túká. Ó ń gbé ní òdìkejì afárá. Sunniva ń lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Kóòtù ti sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú ọmọ náà kúrò nílùú yìí láìjẹ́ pé àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Terje kò fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á pé tí mo bá gbé e wá sọ́dọ̀ yín, mi ò ní padà. Bàbá, òótọ́ ló sọ. Mi ò ní padà.

Mo lè dá wá. Mo ti dúró níwájú ilé ìtajà tíkẹ́ẹ̀tì láìmọye ìgbà. Agbẹjọ́rò mi ní tí mo bá lọ pẹ́, wọ́n á ní mo fi ọmọ sílẹ̀, ó sì lè di tirẹ̀ pátápátá. Mo wá ń ṣiṣẹ́ ẹja, mo ń ka ọ̀sẹ̀ tó kàn mí. Ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí lọ́dọ̀ mi, mo máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ wà nínú yàrá kan tí ẹ kò lè sọ̀kalẹ̀, èmi wà nínú ìlú kan tí mi ò lè jáde, a wá ń jà lórí obìnrin tí wọ́n fi tàdáwà yà.

Mi ò sọ fún yín nítorí ẹ ní kí n má fẹ́ ẹ. Ẹ ní ibẹ̀ jìnnà, pé tó bá di ìṣòro, kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́ igbe mi. Mo fi yín rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ojú ń tì mí.

Ohun tí àwọn olóòtú fi dá yín lóhùn rèé: "Ọ̀gbẹ́ni Kostelnik, a gbọ́ ẹ̀dùn yín. Ẹ ṣe sùúrù fún un." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dolores ní ìwé kejìlá, tó kẹ́yìn, máa jáde nínú oṣù kẹwàá, pé ayàwòrán ti pẹ́. Bàbá, ẹ bá mi rú òfin ilé wa. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ sọ fún mi. Ṣé Ẹyẹ Èédú jáde nínú ilé yẹn? Mi ò lè dúró de àpapọ̀.

Corinne

*

Troy Hill
Ogúnjọ́, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2013

Corinne ọmọ mi, orí mi, ọmọ ìyá rẹ,

Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ níwájú mi mọ́ láéláé. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo sunkún débi pé Milka sáré gun òkè wá, ó rò pé mo tún ti ṣubú. Mo pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Forí jì mí.

Mo ní kí Milka pe Dolores. Dolores dé pẹ̀lú Walt ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí mi wá. Ó bá Milka jà nínú kíṣìnnì mi.

"O tì í mọ́lé bí adìyẹ!"

"Ìwọ ló ń ta ìwé adìyẹ fún un! Ta ló ń fọ aṣọ rẹ̀? Ìwọ ni?"

"Gbé bàtà rẹ̀ fún mi, Milka."

"Bí mo bá gbé e fún ọ, tó bá tún ṣẹ́, wàá wá gbé e lọ sílé ẹ?"

Inú mi dùn, ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ariwo nínú ilé yìí. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, Walt àti Dolores gbé mi sọ̀kalẹ̀ lórí àga ìdáná, láìsí bàtà, bí ère tí wọ́n ń gbé jáde ní ọjọ́ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé mi lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù.

O kà á dáadáa. Pásípọ́ọ̀tù. Dókítà ní mo lè wọ ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n bá fi kẹ̀kẹ́ tì mí dé ìdí rẹ̀. Walt máa bá mi dé Tromsø, ó ní òun kò rí òkun yìnyín rí.

Mo ní kí Dolores yọ orúkọ mi kúrò lára àpótí. Ó ní "Emil, má ṣe bẹ́ẹ̀, màá máa tọ́jú rẹ̀." Mo ní kó fún ẹlòmíràn. Ó sunkún. Èmi náà sunkún, tí o bá fẹ́ mọ̀. Milka ní mò ń lọ kú sáàárín ẹja.

Mo ti ka ìwé títí dé ìkọkànlá. Mi ò ní sọ nǹkan kan fún ọ. Òfin ṣì jẹ́ òfin.

Bàbá rẹ,
Emil

*

Tromsø
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, ọdún 2013

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá.

Ẹ gbọ́ mi ná kí ẹ tó bínú. Àjà kẹrin la wà. Kò sí lífíìtì nínú ilé yìí. Àtẹ̀gùn wa há, ó sì yí bí okùn. Láìpẹ́, oòrùn kò ní yọ mọ́ rárá títí ọdún tuntun yóò fi dé, yìnyín á sì dí ẹnu ọ̀nà. Sunniva ti sọ fún Terje. Ó yà mí lẹ́nu: ó ní òun máa wá bá Walt gbé yín gòkè. Mo bi í pé sísọ̀kalẹ̀ ńkọ́? Walt máa padà. Èmi nìkan kò lè gbé yín.

Ohun tí mò ń sọ ni pé tí ẹ bá gòkè wá, mi ò mọ ìgbà tí ẹ máa sọ̀kalẹ̀. Yàrá kan lẹ máa fi pààrọ̀ òmíràn. Níbẹ̀ yẹn, ó kéré tán, ẹ gbọ́ èdè àwọn tó ń kọjá lábẹ́ fèrèsé yín. Bàbá, mi ò fẹ́ fa ẹlòmíràn wọ inú ilé yìí.

Ó ń wù mí kí n rí yín débi pé àyà ń dùn mí. Òun ló fà á tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má wá.

Corinne

*

Troy Hill
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2013

Corinne ọmọ mi,

Lẹ́tà yìí àti èmi, mi ò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dé.

Ìwé kejìlá jáde lánàá. Dolores gbé e wá, ó wà nínú ọ̀rá, mi ò ṣí i. Nítorí náà mi ò mọ̀ bóyá Ẹyẹ Èédú jáde. A ó jọ kà á, kí Sunniva máa ṣí ojú ewé.

Àmọ́ mo ti mọ ibi tí èmi àti àwọn olóòtú ti ṣìnà. Gbogbo wa ló ń bèèrè bí obìnrin náà ṣe máa jáde. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé ta ló máa wọlé tọ̀ ọ́. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò, ọmọ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí Sunniva bá wà lọ́dọ̀ Terje, kí ẹnì kan wà tó máa jókòó tì ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ yẹn.

O ní o kò mọ ìgbà tí mo máa sọ̀kalẹ̀. Sọ fún Terje pé kó di ẹsẹ̀ àga mú dáadáa, òkè nìkan ni kó gbé mi dé. Mi ò bèèrè sísọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Milka gbé bàtà mi wá láàárọ̀ yìí. Ó ti nù ún, ó ń dán. Mo ní ẹni tí wọ́n ń gbé lórí àga kò nílò bàtà. Ó kúnlẹ̀, ó ń so okùn rẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, kò gbé ojú sókè. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé èèyàn kì í fi ẹsẹ̀ lásán wọlé ọmọ rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Emil